Ohun Mímọ́ ní Ọwọ́ Ẹni Ègún: Àyẹ̀wò Agbára Òkú Amùjẹ̀ nínú Eré-Ìtàn Vampire: The Requiem

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da àwọn onísìn láàmú láti ìgbà láéláé: níbo ni agbára ohun mímọ́ wà? Ṣé inú ohun náà fúnra rẹ̀ ni, àbí inú ọkàn ẹni tí ó dì í mú, àbí inú ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn àlùfáà nìkan. Àwọn asọ̀tàn pẹ̀lú ti yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá àwọn tí ń sọ ìtàn òkú amùjẹ̀, ìyẹn òkú tí ń dìde ní òru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Ẹ̀dá yìí kì í ṣe àjẹ́, nítorí alààyè ni àjẹ́. Kì í sì í ṣe àkúdàáyà, nítorí àkúdàáyà a máa lọ sí ìlú òmíràn, a fẹ́yàwó, a bímọ, a sì máa gbé láàárín ènìyàn bí ènìyàn. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ìtàn òkú amùjẹ̀ tí à ń sọ níhìn-ín ti wá, àwọn ohun mímọ́ tí wọ́n sì fi ń bá a jà jẹ́ ti ẹ̀sìn Kristi: àgbélébùú, omi tí àlùfáà yà sí mímọ́, àti àkàrà Oúnjẹ Olúwa.

Iṣẹ́ tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni Vampire: The Requiem, eré-ìtàn tí ilé-iṣẹ́ White Wolf ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Agbára kan wà nínú eré náà tí wọ́n ń pè ní Theban Sorcery. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í ṣe alààyè ni ó ń fi ohun mímọ́ lé òkú amùjẹ̀ sá. Òkú amùjẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ohun mímọ́ lọ́wọ́, tí ó sì ń fi í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó rọrùn láti pe èyí ní ọ̀rọ̀ òdì lásán. Ohun tí àyẹ̀wò yìí yóò fi hàn ni pé agbára náà dáhùn ìbéèrè òkè yìí ní ọ̀nà tí ó jinlẹ̀ ju ti àwọn iṣẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí pé ó fi àdánù ṣe òṣùwọ̀n ohun mímọ́. Yóò sì tún fi hàn pé ibi tí agbára náà kù díẹ̀ káàtó sí jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá gan-an.

Irú Iṣẹ́ tí Eré-Ìtàn Jẹ́

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé irú eré tí èyí jẹ́, kí òǹkàwé má baà rò pé ayò tàbí lúdò ni. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni Olùsọ̀tàn. Òun ni ó ń ṣàpèjúwe ìlú, ilé, òjò, àti gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù a mú ẹ̀dá-ìtàn kan ṣe tirẹ̀, a sì máa fi ẹnu ẹ̀dá náà sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di iyèméjì, bóyá ẹ̀dá-ìtàn kan fẹ́ fo odi tàbí ó fẹ́ tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, wọn a da dáìsì olójú mẹ́wàá. Ojú 8, 9 tàbí 10 ni àṣeyọrí. Kò sí ẹni tí ó mọ òpin ìtàn náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń pa ẹnìkejì rẹ̀ láyò.

Alámèyítọ́ tí ó bá ti fi lítíréṣọ̀ alohùn ṣe iṣẹ́ kò ní ṣàjèjì sí irú ìhun yìí. Nínú àlọ́, àwọn tí ń gbọ́ ni ó ń gbe orin. Bí wọn kò bá gbè é, àlọ́ kò pé. Nínú eré oníṣe àwọn òṣèré alárìnjó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni kì í sí nínú ìwé, orí ìtàgé ni òṣèré ti ń hun ún. Bákan náà ni eré-ìtàn. Ìwé òfin rẹ̀ kì í ṣe ìtàn náà. Egungun rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé òfin nìkan kò tíì rí eré, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ka ẹsẹ Ifá nínú ìwé kò tíì rí babaláwo nídìí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ni lámèyítọ́ irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa wò pọ̀: ohun tí òfin sọ, àti irú ìtàn tí òfin náà ń ti àwọn òṣèré sí láti sọ.

Láti Ọwọ́ Stoker dé Orí Àtẹ

Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó kọ Dracula ní ọdún 1897. Nínú ìwé yìí, agbára wà nínú ohun mímọ́ fúnra rẹ̀. Ìyàwó onílé-èrò kan ní Bistritz ni ó fi àgbélébùú kọ́ Jonathan Harker lọ́rùn. Ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì ni Harker. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ìbọ̀rìṣà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí ó kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi abẹ gé ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń fá irùngbọ̀n, tí Dracula sì ki ọwọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, bí ọwọ́ náà ti kan ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n so àgbélébùú mọ́ ni ìbínú òkú náà rọlẹ̀. Àìgbàgbọ́ Harker kò dí àgbélébùú lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, Van Helsing fi àkàrà mímọ́ kan iwájú orí Mina, ó sì jó o bí irin gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni Mina kò ṣẹ̀. Ohun mímọ́ Stoker kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí iná ni ó rí: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá kàn án ni yóò jó.

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní ọdún 1974, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú irú eré wọ̀nyí tí a tà ní ọjà, irú èrò báyìí ni wọ́n mú wọ inú rẹ̀. Àní, òkú amùjẹ̀ wà lára ohun tí ó bí ipò àlùfáà nínú eré náà. Nínú eré Blackmoor tí Arneson ń ṣe olùdarí rẹ̀ ní Minnesota, òṣèré kan ń ṣe òkú amùjẹ̀ tí ń jẹ́ Sir Fang, apá kò sì ká a mọ́. Wọ́n dá àlùfáà sílẹ̀ kí ẹnì kan lè dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun mímọ́ ti rí nínú ìwé 1974 náà. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ọjà, láàárín okùn, àpò àti ìpèsè oúnjẹ: àgbélébùú onígi, owó wúrà 2; àgbélébùú onífàdákà, 25; ìgò omi mímọ́ kan, 25. Ohun tí Stoker fi bí iná ti di ohun tí a ń tà lórí àtẹ. Ẹni tí ó rà á kò ní láti mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ tàbí ẹni tí ó ti gbàdúrà níwájú rẹ̀ rí. Owó ni ìtàn rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ Ẹni tí Ó Dì Í Mú

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1975, Stephen King kọ 'Salem's Lot, ó sì yí ìbéèrè náà padà. Nínú ìwé rẹ̀, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Callahan na àgbélébùú sí òkú amùjẹ̀ tí ń jẹ́ Barlow, àgbélébùú náà sì ń tàn. Barlow pè é níjà pé kí ó ju àgbélébùú sílẹ̀, kí ìgbàgbọ́ pàdé ìgbàgbọ́. Callahan ṣiyèméjì. Ìmọ́lẹ̀ náà kú, òkú náà sì gba àgbélébùú lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára ti kúrò nínú igi báyìí, ó ti wọ inú ọkàn. Vampire: The Masquerade, eré-ìtàn tí Mark Rein-Hagen ṣe ní ọdún 1991, tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Nínú rẹ̀, àgbélébùú lásán kò já mọ́ nǹkan lójú òkú amùjẹ̀. Ìgbàgbọ́ òtítọ́ nìkan ni ó ń lé e, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó sì ní in.

Ìyípadà yìí ní èrè tirẹ̀ fún asọ̀tàn, nítorí pé ó sọ ìjà òde di ìjà inú. Ṣùgbọ́n ó ní àdánù pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, kí ni a tún fẹ́ fi ohun mímọ́ ṣe? Ó di ọ̀pá tí arìnrìn-àjò gbé dání tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì nílò. Stoker fi agbára sínú ohun, kò ka ènìyàn sí. King fi agbára sínú ènìyàn, kò ka ohun sí. Ìhà méjèèjì ni àríyànjiyàn náà fì sí títí di ọdún 2004.

Ọ̀kọ̀, Ẹ̀jẹ̀ àti Eérú

Nínú Vampire: The Requiem, ẹgbẹ́ kan wà láàárín àwọn òkú amùjẹ̀ tí ń jẹ́ Lancea Sanctum. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn wá láti inú Ìhìn Rere Jòhánù, orí 19, ẹsẹ 34, níbi tí ọmọ-ogun kan ti fi ọ̀kọ̀ gún Jésù ní ẹ̀gbẹ́. Bíbélì kò dárúkọ ọmọ-ogun náà. Àṣà ìjọ ìgbàanì ni ó pè é ní Longinus. Eré náà fi tirẹ̀ kún un pé ẹ̀jẹ̀ tí ó kán láti ara Jésù kan ètè Longinus, ó sì di òkú amùjẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yìí gbà pé Ọlọ́run ni ó fi wọ́n gégùn-ún, pé Ọlọ́run náà ni ó sì fún wọn ní iṣẹ́: kí wọ́n jẹ́ ìkookò láàárín àgùntàn, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lè bẹ̀rù. Agbára wọn, tí wọ́n ní áńgẹ́lì ni ó kọ́ àwọn ará ìgbàanì ní Thebes ti ilẹ̀ Íjíbítì, ni Theban Sorcery. Inú Bíbélì àti ìṣe ìjọ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ ètùtù rẹ̀: ẹ̀bùn Lásárù, ègún Bábélì, ọgbẹ́ ara Jésù.

Òfin mẹ́ta ni ó de agbára yìí, àwọn sì ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Èkíní, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò ná nínú agbára ọkàn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó mu. Ní èyí ó yàtọ̀ sí Crúac, idán ẹgbẹ́ mìíràn nínú eré kan náà, tí í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èkejì, òkú amùjẹ̀ kò lè ṣe ètùtù tí ipò rẹ̀ ga ju ìwọ̀n ìwà-ènìyàn tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti ń pa ènìyàn tí ojú kò sì tì í, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ yóò máa já kulẹ̀. Ẹ̀kẹta, gbogbo ètùtù ni ó ní ohun ìrúbọ tirẹ̀, ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí ó bá ohun tí a fẹ́ ṣe mu. Bí a bá ti ṣe é tán, ohun náà yóò di eérú.

Òfin kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. A kò lè lo ohun mímọ́ náà kí ó tún wà. Nínú Dracula, Harker lè gbé àgbélébùú rẹ̀ kọ́rùn títí dé ilé; nínú eré 1974, àgbélébùú owó 25 kì í gbó. Ṣùgbọ́n ẹni ègún tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ mímọ́ gbọ́dọ̀ pàdánù ohun tí ó fi ṣe é. Ohun náà ní agbára, bí Stoker ti wí. Ọkàn ẹni tí ó dì í mú ka nǹkan, bí King ti wí. Ìdè tí ó so méjèèjì pọ̀ ni àdánù.

Àríyànjiyàn Àtijọ́ nínú Eré Tuntun

Ó dájú pé ìbéèrè tí ó wà nídìí agbára yìí ti lé ní 1,600 ọdún. Lẹ́yìn inúnibíni Olú-ọba Diocletian, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 303, ìjọ ní àríwá Áfíríkà pín sí méjì. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ti fi Ìwé Mímọ́ lé àwọn ọmọ-ogun lọ́wọ́ nítorí ẹ̀rù. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Donatus ní ìrìbọmi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣe kì í ṣe ìrìbọmi rárá, nítorí ẹni tí kò ní nǹkan kò lè fún ẹlòmíràn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, dá wọn lóhùn pé Kristi ni ó ń rì ènìyàn bọmi. Àlèébù ọwọ́ tí a fi ṣe é kò lè ba á jẹ́. Ìdáhùn Augustine ni ìjọ gbà.

Theban Sorcery gbé ìbéèrè yìí dé ibi tí Augustine kò gbé e dé. Bí àlùfáà tí ó ṣẹ̀ bá lè ṣe iṣẹ́ mímọ́, ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi gégùn-ún ńkọ́? Eré náà dáhùn pé iṣẹ́ náà yóò ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣe é kò ní dúró sí ọwọ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Agbára náà kì í ṣe tirẹ̀. A yá a ni, eérú tí ó sì kù sí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí pé a yá a. Ìdáhùn tí ó kún fún ẹ̀kọ́ ni èyí, ó sì ya òkú amùjẹ̀ yìí sọ́tọ̀ sí gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹranko tí ń sá fún àmì ni Dracula. Onígbàgbọ́ tí kò ní ìrètí ni ọmọ ẹgbẹ́ Longinus, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì ju ti ẹranko lọ.

Ibi tí Ó Kù Díẹ̀ Káàtó Sí

Àbùkù ibẹ̀ ni pé òfin kò lè dá ohun tí ó fẹ́ ṣe ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ètùtù rẹ̀, irú ohun tí a nílò ni ìwé dárúkọ. Kò béèrè ọwọ́ tí ohun náà ti là kọjá. Ká sọ pé òṣèré kan wí pé ẹ̀dá-ìtàn òun ti ra àgbélébùú méjìlá ní ọjà, ó sì kó wọn sí àpò. Ọ̀kan di eérú lónìí, òmíràn di eérú lọ́la. Kò sí ohun tí ó dun ẹnikẹ́ni. A ti padà sí orí àtẹ ọdún 1974. Ká wá sọ pé òṣèré mìíràn, láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ti jẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tí ẹ̀dá-ìtàn òun gbé dání ni ìyá rẹ̀ dì mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Lálẹ́ tí òṣèré yìí bá fi ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe ètùtù, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni yóò bo tábìlì. Òfin kan náà ni méjèèjì lò, dáìsì kan náà ni wọ́n dà. Ìtàn ni ó yà wọ́n.

Ìjọ ìgbàanì mọ ohun tí ìwé eré náà gbójú fò yìí. Nígbà tí Àpérò Nísíà Kejì, ní ọdún 787, pàṣẹ pé kí a má ya ilé ìjọsìn sí mímọ́ láìfi ohun ìrántí àwọn ẹni mímọ́ sínú rẹ̀, kì í ṣe egungun lásán ni wọ́n ń béèrè. Egungun ẹni mímọ́ kò yàtọ̀ sí egungun ẹlòmíràn lójú; ìgbésí ayé tí a fi í gbé ni ó yà á sọ́tọ̀. Àwọn Yorùbá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: bí kò sí ènìyàn, òrìṣà kò sí. Karin Barber fi irú èrò yìí ṣe kókó iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìhà tí Yorùbá kọ sí òrìṣà, tí ó jáde nínú jọ́nà Africa ní ọdún 1981: ìtọ́jú, oríkì àti ẹbọ àwọn olùsìn ni ó ń gbé òrìṣà ga. Gbólóhùn yìí kò sọ pé irọ́ ni òrìṣà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ohun mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá ní àjọṣe pẹ̀lú rẹ̀, igi àti òkúta ni.

Ṣàngó, Ayé àti Ọ̀run nínú Ìwé Àjèjì

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan Yorùbá tààrà. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ White Wolf kan náà tẹ Kindred of the Ebony Kingdom jáde, ìwé kan lára ọ̀wọ́ Vampire: The Masquerade, tí ó dá lórí àwọn òkú amùjẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀yà kan nínú wọn ń jẹ́ Shango. Òṣùwọ̀n méjì tí a fi ń díwọ̀n bí ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ti ń gbé ń jẹ́ Aye àti Orun. Ó hàn gbangba pé inú èdè Yorùbá ni wọ́n ti mú àwọn orúkọ náà, wọ́n sì to wọ́n mọ́ orúkọ tí wọ́n ṣà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, bí ẹni pé ilé kan ni gbogbo wọn ti wá.

Ẹ̀sùn tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi kan ìwé yìí kì í ṣe pé àjèjì fọwọ́ kan orúkọ òrìṣà. Ṣàngó ti kọjá òkun tipẹ́. Wọ́n ń bọ ọ́ ní Kúbà àti ní Brazil, àwọn tí ó kó o lọ sì fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn sanwó ọ̀nà. Ẹ̀sùn náà ni pé kò sí àdánù nínú yíyá yìí. White Wolf gba Longinus pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ègún rẹ̀, pẹ̀lú ìjiyàn tí ó ti wà láti ayé Augustine. Wọ́n gba Ṣàngó láìsí Ọ̀yọ́, láìsí edùn àrá, láìsí oríkì, láìsí ìbéèrè bóyá ọba náà so tàbí kò so. Ayé àti ọ̀run tí í ṣe ọjà àti ilé lójú Yorùbá di ojú àmì lórí bébà. Èyí ni àgbélébùú onífàdákà owó wúrà 25 nínú aṣọ mìíràn: orúkọ mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kò jìyà fún, tí kò sì lè di eérú nítorí pé kò tíì jẹ́ nǹkan kan.

Ẹ̀bi náà kò sì tán sí ọrùn àjèjì. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni àjèjì ń rí kà, ìtàn tí àwọn onílé kò bá sọ kì í dé etí ẹni tí ó wà lókèèrè. Òrìṣà tí a kò bá fi han ọmọdé, píparun ni í parun.

Àgbálọgbábọ̀

Vampire: The Requiem kì í ṣe iṣẹ́ tí kò lábùkù, àwọn tí yóò sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ yóò rí ohun púpọ̀ fi rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Theban Sorcery, ó ti sọ òtítọ́ kan tí Stoker kò sọ, tí King kò sì sọ: pé ohun tí ènìyàn kò lè pàdánù kò lè jẹ́ mímọ́ ní ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá fi òtítọ́ yìí wọn àwọn iṣẹ́ tí a yẹ̀ wò, yóò yọ ọ̀wọ̀ àti ọjà sọ́tọ̀ sí ara wọn. Bí ọmọ Yorùbá kan bá wá jókòó sídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ó gbé Ṣàngó wọ inú ìtàn pẹ̀lú oríkì rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dákẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ gbé edùn àrá kalẹ̀, ohun tí ìwé 2003 kò lè ṣe yóò ti ṣe.